Pòròpórò Lókè Tábìlì

Ọdún tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ bébà pa,
bàbá mi gbé àpò oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ wálé,
ó fi í kọ́ ìṣó,
kò sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí Kérésì pé.
Ní ìlú wa, níhà àríwá Fínlándì,
oòrùn oṣù Kejìlá kì í yọ tán:
ó kàn ń yọjú lẹ́yìn igbó
bí ajigbèsè tó rí olówó lọ́ọ̀ọ́kán,
ó sì pa dà.

Ìyá mi ka owó inú agolo kọfí.
Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà,
bí ẹni pé owó a máa bímọ nínú òkùnkùn.
"Ẹran wà. Kọfí wà. Àbẹ́là méjì wà.
Ti pé ká ra nǹkan dídán, ẹ gbàgbé ẹ̀."

Èmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo fajú ro.
Lójú fèrèsé Pirkko, aládùúgbò wa,
iná ń ṣẹ́jú, pupa, búlúù, pupa, búlúù,
bí ẹni tó mọ̀ pé à ń wo òun.

Ìgbà náà ni Ìyá-àgbà Aune dìde.
Ó wọ abà lọ nínú yìnyín tó mù ún dé orúnkún,
ó gbé ìdì pòròpórò ọkà ráì kan bọ̀,
tín-ín-rín, èyí tó fi dòjé gé
kí ẹ̀rọ tó dé orí rẹ̀.
Ó da omi gbígbóná sínú ọpọ́n,
ó rì wọ́n sí i kí wọ́n má baà fọ́,
ilé ìdáná wa sì ń ta òórùn oṣù Kẹjọ.

Ẹ wá wo ọwọ́ arúgbó!
Ọwọ́ tí kò lè ṣí ìdérí ìgò mọ́,
òun ló ń ti abẹ́rẹ́ gígùn gba inú pòròpórò kọjá,
ọ̀kan, òmíràn, ìkẹta,
ó so ó, ó di igun mẹ́ta;
ó fi méjì kún un, ó tún so ó;
ó pa wọ́n pọ̀, ó fa òwú,
ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì
ṣàdédé dìde dúró, ó di ilé.
Ilé tí kò nílẹ̀kùn, tí kò ní ògiri,
afẹ́fẹ́ nìkan ni ayálégbé rẹ̀.

"Èló ni?" ni mo bi í.
"Òwú yìí, ara ẹ̀wù ọkọ mi tó kú ni mo ti tú u.
Ìwọ sọ iye tí wọ́n ń tà á fún mi."

Èmi náà bẹ̀rẹ̀. Mo fọ́ mẹ́rin kí n tó rí ọ̀kan mú.
Mo sunkún díẹ̀, mo ní abẹ́rẹ́ ló gún mi.
Ìyá mi ń fi àlùmọ́gàjí gé ìràwọ̀
lára àgékù bébà tí bàbá kó wálé lọ́jọ́ ìkẹyìn.
Ìyẹn ni wọ́n fi dágbére fún un
lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún.
Bàbá ò wo ọ̀dọ̀ wa. Ó jókòó ti sítóòfù,
ó ń wo iná bí ẹni tó ń ka lẹ́tà.

Lálẹ́ tó ṣáájú Kérésì a gbé e kọ́ sókè tábìlì,
ilé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ilé nínú ilé, ilé lábẹ́ ilé,
gbogbo rẹ̀ ò wúwo tó ẹyin adìyẹ kan.
Kò dán. Kò ṣẹ́jú.
Mo ní nínú ara mi pé, ṣé èyí náà nìyí?

Bàbá mi mí kanlẹ̀.
Èémí lásán ni o,
irú èyí tó ti ń mí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Pòròpórò gbọ́.
Ilé kékeré ìsàlẹ̀ pátápátá yí díẹ̀,
ó sọ fún èyí tó wà lókè rẹ̀, ìyẹn sọ fún òmíràn,
títí gbogbo abúlé náà fi ń yí, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́,
tí òjìji rẹ̀ ń rìn lára ògiri, lára àwo, lójú wa.
Bàbá gbójú sókè.
Ó tún mí. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é lọ́tẹ̀ yìí,
ó ń wò ó bóyá yóò dáhùn.

Ó dáhùn.

"Ẹ jẹun," ni Ìyá-àgbà wí,
"ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ń tutù."